Abala Mẹ́rìndínlógún

Rúlà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò ga, kò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọkùnrin kúkúrú tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ti gbé sísọ́ọ̀sì sórí aṣọ, tó sì fi ahọ́n lá ètè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Aṣọ náà á là gbọnrangandan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wàá rò pé ẹ̀rọ ló gé e. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán ohun tó bá gé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ọkọ níbi tábìlì gígùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ìyàwó nídìí maṣíìnì tó kọjú sí ògiri.

Òfin kan wà láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Obìnrin náà kì í fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì ńlá, ọkùnrin náà kì í sì í fẹsẹ̀ kan maṣíìnì. Bí ọkọ bá gé iṣẹ́ kan tán, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn abala kọ̀ọ̀kan kí ìyàwó lè mọ èyí tó ṣáájú, á kó wọn jọ, á dì wọ́n, á gbé wọn sínú agbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Ìyàwó ò ní tú ìdì náà títí di ọjọ́ tó bá fẹ́ rán an. Ìjà tí wọ́n jà lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó ló bí òfin yìí, nígbà tí kálukú ń yọjú sí iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ tó sì ń rí ohun tí yóò sọ sí i. Láti ìgbà tí òfin ti dé ni àlàáfíà ti dé. Ẹnu nìkan ni kò sí lábẹ́ òfin. Ẹnu obìnrin yìí, ká má purọ́, mú ju sísọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ó jókòó nídìí maṣíìnì, ó ń wo ìdì kan nínú agbọ̀n. Aṣọ onílà ni, ìlà búlúù àti funfun. Tíṣà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ìparí òpópónà wọn, ló gbé e wá pé kí wọ́n bá òun fi rán ìtẹ́ tábìlì, ìyẹn èyí gbọọrọ tí wọ́n ń tẹ́ sí àárín tábìlì láti orí dé ìdí, tí wọ́n ń fi òwú sí nínú kó lè nípọn. Rúlà gé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà, ó ṣubú ní balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní iṣan kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Tíṣà ti ránṣẹ́ pé kí ìyàwó Rúlà má ṣe ìyọnu rárá, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò òun ń bọ̀ wá kí òun ní Sátidé, bó bá sì ṣeé ṣe, inú òun á dùn.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló jẹ́ kó fi ìdì náà sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀rù ló ń bà á. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣe láyé nìyẹn, bó bá sì tú u báyìí, kò tún sí òmíràn tí yóò tú mọ́.

Ó tú u. Abala mẹ́rìndínlógún ni, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan ínṣì márùn-ún, kí ọ̀kan ní ìlà tó dúró, kí èkejì ní ìlà tó dùbúlẹ̀, títí tí wọn yóò fi di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà bí wọ́n bá rán wọn pọ̀ tán. Mẹ́rin àkọ́kọ́ tọ́ ṣánṣán. Ìkarùn-ún wọ́. Ìkẹfà burú jù ú lọ. Nígbà tó fi máa dé ìkẹsàn-án, etí aṣọ náà ti rí játijàti, àfi bíi pé eku jẹ ẹ́. Lára aṣọ onílà, kò síbi téèyàn lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí. Ìlà kan á bẹ̀rẹ̀ ní fífẹ̀ lókè, kó tó dé ìsàlẹ̀ á ti tán.

Inú kọ́kọ́ bí i. Ó rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn dáadáa. Ó ń rán aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ pé sísọ́ọ̀sì dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, tó tún dákẹ́. Ó yí ọrùn padà, ó rí abala kan tó ń fì létí tábìlì.

"Rúlà wa ti tẹ̀ o!" ló sọ. "Bàbá wa, kí ló dé? Àbí kí n máa pè yín ní Okùn láti òní lọ?"

Ọkọ rẹ̀ ò yíjú sí i. "Aṣọ yìí ló ń yọ̀, Màdáámù. Ẹ máa rán tiyín."

Ẹni tó bá mọ obìnrin yìí mọ̀ pé kò lè fi í mọ síbẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi pè é ní Okùn. Okùn, oúnjẹ ti délẹ̀. Okùn, ẹ bá mi tilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ní báyìí, ó ní láti mọ èyí tí yóò ṣe. Bó bá rán an bó ṣe wà, Tíṣà àtàwọn àbúrò rẹ̀ á jókòó yí i ká, wọn á máa wò ó, orúkọ tí ọkọ rẹ̀ fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbé ró á bàjẹ́ lórí tábìlì oúnjẹ. Bó bá sì tún un gé kó lè tọ́, ohun tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ gé kẹ́yìn ni yóò gbá dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí ilẹ̀, ìtẹ́ tábìlì náà á sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan kúrú. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Níkẹyìn, ó dìde, ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá lórí tábìlì. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó dojú àwọn abala náà délẹ̀ kó lè fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó tọ́ sí ẹ̀yìn wọn.

Ibẹ̀ ló ti rí àwọn nọ́ńbà.

Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin: ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni, ní igun ọ̀tún lókè, níbi tó máa ń kọ ọ́ sí. Mẹ́rin rẹ̀ máa ń rí bí àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Nọ́ńbà karùn-ún wà ní igun òsì. Ó kẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń kọ ọ́. Ìkẹfà tóbi, ó sì wó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìkejìlá lọ, kì í ṣe nọ́ńbà mọ́, ìlà lásán ló ń fà, méjìlá sí ìkejìlá, mẹ́tàlá sí ìkẹtàlá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyàwó rẹ̀ má bàa ṣi èyí tó ṣáájú mú.

Ó wá yé obìnrin náà. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Ọwọ́ òsì náà ló sì fi gé e.

Ohun gbogbo wá ń dé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ tó fi ọwọ́ ọ̀tún sápò láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lọ. Ife tíì tó fi ọwọ́ òsì gbé. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó bá a de bọ́tìnnì, òun sì dá a lóhùn pé, "Ṣé ọmọdé ni yín ni?" Òun tí ibi kan ṣoṣo tí abẹ́rẹ́ bá fò kì í bọ́ lọ́wọ́ ojú òun, òun ò rí ọkọ òun.

Ó fi sísọ́ọ̀sì náà sí ọwọ́ òsì, ó fẹ́ fi gé àkísà kan wò. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún; irin náà là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, aṣọ náà ká sáàárín wọn, etí irin ń jẹ ẹ́ ní àtàǹpàkò. Kó tó gé ohun tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, òógùn ti bò ó. Ọkọ rẹ̀ sì gé méjìlá, lẹ́yìn òun, ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, bí òun ti ń pè é ní Okùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìdì náà fi wà nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó ṣubú. Ká ní ó tú u lọ́jọ́ tí wọ́n dì í, ì bá ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Dókítà sọ pé bí wọ́n bá tètè gbé e wá ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá yàtọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú àkísà, ó sọ fún ṣọ́ọ̀bù tó dá páropáro náà pé, "Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Kò gé ohunkóhun kúrò. Ní Ọjọ́bọ̀, ó so àwọn abala náà pọ̀ bí wọ́n ṣe rí, ó ń fi píìnì tọ etí játijàti náà kiri, ó ń wá ibi tí wọ́n ti lè bára wọn mu. Kò gbọn ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn wọn dànù. Ó tẹ́ òwú lé e, ó fi aṣọ funfun tẹ́ ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ra láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ kó má bàa hunjọ. Ó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kó tó parí. Ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Áyọ́ọ̀nù ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Àwọn ìlà náà ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé, Tíṣà dé. Ó kí i, ó bá a kẹ́dùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá tẹ́ ìtẹ́ tábìlì náà sórí tábìlì gígùn. Ó yọ jígí ojú rẹ̀ nínú báàgì, ó fi í sójú, ó tún wò ó.

"Ìyàwó Rúlà, ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ n bi yín. Ta ló gé eléyìí?"

Ìyàwó Rúlà ti múra ohun tí yóò sọ sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ nípa ọwọ́ ọ̀tún tó kú àti ọwọ́ òsì tó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ó rántí pé ọkọ òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ ló ń yọ̀, ohun tó sọ nìyẹn, ohun tó sì fẹ́ kí aráyé mọ̀ nìyẹn.

"Èmi ni, Mà," ló sọ. "Èmi ni mo gé e."

Ara tu Tíṣà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀! Kí n tó bèèrè ni mo ti mọ̀. Mo ní kì í ṣe Rúlà tí mo mọ̀ ló gé irú èyí. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o jàre, kì í kúkú ṣe iṣẹ́ yín. Díẹ̀díẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n gé."

"Ẹ ṣeun, Mà."

"Màá tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Bí àwọn àbúrò mi bá rojọ́, kí wọ́n máa fọwọ́ gbé àwo wọn."

Ó ká a, ó gbé e sábẹ́ apá, ó jáde. Obìnrin náà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó múlé tì wọ́n: "Ìyàwó Rúlà ló gé e fúnra rẹ̀ o! Ẹ wo bó ṣe rí. Bí ọkọ rẹ̀ bá rí i, á ní kí wọ́n jí òun dìde." Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń gẹrun lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Irú ẹ̀rín tí òun náà ń rín sí ọkọ òun ni.

Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ fi gba irú rẹ̀ láti ẹnu òun, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń kú lọ nínú àpò. Ó padà sídìí maṣíìnì, ó fi orí lé e, ó sunkún títí wọ́n fi parí ẹ̀rín lóde.