Owó Irin Lábẹ́ Òòfà

Inú agolo kan tó há sínú ẹ̀rọ àlòkù láti Ṣáínà ni mo ti rí wọn: owó irin mẹ́sàn-án, róbótó, oníhò igun mẹ́rin láàárín, tí ìpáàrà ti lẹ̀ mọ́ra.

"Wọ́ṣà abẹ́ nọ́ọ̀tì ni," Ọ̀gá Ephraim wí. Òun ni alábòójútó ilé-iṣẹ́ tí a ti ń yọ́ irin ní Sango. Ó na òòfà kékeré sí wọn, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. "Bàbà ni owó Ṣáínà. Ohun tí òòfà bá gbé, inú iná ló ń lọ."

Òfin wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe móòdù tí a ń da irin sí. Ẹ̀rọ ló ń gé wọ́ṣà lára páànù. Àwọn wọ̀nyí ní àpá kékeré létí, níbi tí irin yíyọ́ gbà wọ inú móòdù, tí wọ́n sì ṣẹ́ irin tó ṣẹ́kù síbẹ̀ kúrò: dídà ni wọ́n dà wọ́n. Ihò náà níṣẹ́ tirẹ̀: wọ́n á ki ọ̀pá onígun mẹ́rin bọ ọ̀pọ̀ owó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi fáìlì ha etí gbogbo wọn pọ̀. Bí ihò bá rí róbótó, ńṣe ni wọn á máa yí mọ́ni lọ́wọ́.

"Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, irin ni apá ibì kan ní Ṣáínà fi ń ṣe owó, sà. Mo kà á."

"Ní yunifásítì wo? Ará Ìwó, o ti di purofẹ́sọ̀."

"Mi ò lọ ìkankan. Ìwé tí wọ́n dànù ni mo kà."

"Rọ́ọ̀dù tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi kọ́lé gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Kó wọn síná, tàbí kó o kó ẹrù ẹ."

Mo ki okùn bọ ihò wọn, mo so wọ́n kọ́rùn, mo sì lọ dúró lábẹ́ òòfà ńlá oníná mànàmáná tí Susanna ń fi kéréènì, ẹ̀rọ agbẹ́rù, darí látòkè.

"Sísí Susanna, ohun tí òòfà bá gbé, inú iná ló ń lọ. Ó yá, gbé mi."

"Orí ẹ ti yí, Ará Ìwó," ni Susanna wí. Àmọ́ ó rọra sọ òòfà náà kalẹ̀, ó sì tàn án. Àwọn owó náà gbéra láyà mi, wọ́n kọjú sókè, okùn ń gé mi lọ́rùn. Mi ò yẹsẹ̀.

Ephraim gbọ́wọ́ sókè. "Susanna, pa òòfà yẹn."

Owó já bọ́ padà sí mi láyà.

"Ọ̀gá," Susanna wí látòkè, "òòfà ò gbé e o."

Ephraim ti òòfà kékeré rẹ̀ bọ àpò, ó juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ sẹ́nu iṣẹ́. Mo padà sídìí móòdù mi, owó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń ró wọnran-wọnran lọ́rùn mi.