Irin Orí Itan

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi nípa àwọn ọgbà ìgbafẹ́ òde òní, bóyá inú mi á rọ̀ díẹ̀. Wọn ò dáa mọ́. Èèyàn á tò lórí ìlà fún wákàtí méjì gbáko, wọ́n á gbé irin bàǹtà-banta kọ́ ọ lọ́rùn bíi ti màlúù tó fẹ́ lọ roko, wọ́n á yí i bíríbírí fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, wọ́n á ní ó ti gbádùn ara ẹ̀. Ìgbádùn wo nìyẹn? Rólákósítà gidi, ti pákó ni. Ọkọ̀ tí ṣéènì á máa fà gun òkè díẹ̀díẹ̀, tí pákó á máa ké lábẹ́ rẹ, tí wàá dé góńgó, tí wàá rí òrùlé gbogbo àdúgbò, kó tó wá jù ọ́ sílẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gùn ún. Mo ti gun ti onírin, mo ti gun èyí tó ń dorí èèyàn kodò, mo ti wọ bàálù lọ síbi tó jìnnà nítorí ẹyọ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní ti onírin dùn ju ti pákó lọ, kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Aránṣọ ni mí, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo wà. Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí pé kí ni àgbàlagbà ń wá níbi tí àwọn ọmọdé ti ń pariwo. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé apá sókè kí n wọn àyà wọn, kí wọ́n fi ayé mi sílẹ̀ fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà yé ni àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi. Káfíńtà ni. Ọdún méje ni mo fi jù ú lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí mo kọ́kọ́ mú un dání, láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù, a ti wà níbẹ̀. Ọgbà kan náà, ọkọ̀ pákó kan náà, ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ ọ́ ní Baba Ẹ̀yìn.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọgbọ́n ikùn. Bó ṣe rí nìyí. Tí o bá ti jókòó, òṣìṣẹ́ á wá tẹ irin kan wálẹ̀ sórí itan rẹ títí á fi fún mọ́ ọ. Tó bá ti fún, o ò lè mira. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, adùn ọkọ̀ pákó ni kí ìdí rẹ kúrò lórí ìjókòó nígbà tó bá ń já bọ́, kó dà bíi pé o ò wúwo rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo bá ti mú téèpù báyìí, àwọn èèyàn á fa ikùn wọlé kí ìbàdí wọn lè kéré. Mo wá rò ó pé òdìkejì ẹ̀ ló yẹ ká ṣe lórí ọkọ̀. Tí òṣìṣẹ́ bá ń bọ̀, mí sínú, fẹ ikùn, kí irin dúró sórí ikùn. Tó bá ti kọjá, mí síta. Àlàfo ìka mẹ́rin á ṣẹ́ kù. Mo máa ń tẹ àbúrò mi lẹ́sẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá ti dé ìlà iwájú wa, òun náà á fẹ ikùn bí aboyún tó fẹ́ bí ìbejì, a ó wá máa fi ẹ̀rín pa ara wa. Kì í ṣe àwa nìkan là ń ṣe é, gbogbo àwọn tí ọkọ̀ yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ gbogbo wọn kọ́ ni àbúrò mi ti kọ́ ọ.

Ìyàwó ẹ̀ mọ̀ nípa ikùn fífẹ̀ yìí, ó sì kórìíra ẹ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ní oṣù tó kọjá, ibà dá àbúrò mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rù débi pé ó ń fi okùn di ṣòkòtò. Ìyàwó ní kó sinmi nígbà tí Sátidé wa pé. Èmi ni mo ní atẹ́gùn á ṣe é lóore. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Obìnrin kan wà tó ti ń tẹ irin níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ó mọ̀ wá bí ẹni mowó. Ó tẹ irin àbúrò mi lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fà á sókè wò bóyá ó dè. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo ti tẹ àbúrò mi lẹ́sẹ̀, ó sì ti fẹ ikùn. Nígbà tó mí síta, àlàfo ibẹ̀ kì í ṣe ti ìka mẹ́rin mọ́, àtẹ́lẹwọ́ méjì lè wọ̀ ọ́. Mo rí i. Àbúrò mi ṣẹ́jú sí mi. Mi ò pe obìnrin náà padà. Ní òkè kẹta, ó kúrò lórí ìjókòó pátápátá, itan ẹ̀ yọ lábẹ́ irin, nígbà tó sì máa padà balẹ̀, etí ìjókòó ló fi ẹ̀yìn gbá. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Mo di aṣọ ẹ̀ mú títí ọkọ̀ fi dúró.

Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu mọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ní ó kéré tán òun ò ní tò lórí ìlà mọ́, pé wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ kọjá síwájú. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ní kí obìnrin tó ń tẹ irin lọ jókòó sílé. Àbúrò mi ló sọ fún àwọn olùwádìí tí ọgbà náà rán wá pé kò tẹ irin òun dáadáa. Wọ́n kọ lẹ́tà sí èmi náà pé kí n wá jẹ́rìí, torí èmi ni mo jókòó tì í. Bí wọ́n bá dá obìnrin náà lẹ́bi, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gba lẹ́tà yẹn ni mo ti ń ṣi aṣọ gé. Apá òsì méjì ni mo gé fún ẹ̀wù ẹnì kan.

Mo lọ bá àbúrò mi, mo bi í pé kí ló dé tó fi purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní obìnrin yẹn lọ́mọ mẹ́ta nílé. Ó kọjú sí ògiri.

"Àǹtí, ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́."

Inú bí mi, kí n má purọ́. Mo gbà pé ojú ìyàwó ẹ̀ ló ń sá fún, torí ìyẹn ti kìlọ̀ fún un. Mo gbà pé ó fẹ́ fi ẹlòmíì nu ọwọ́. Mo gbé báàgì mi, mi ò dágbére. Títí mo fi délé ni mò ń sọ fún ara mi pé òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ níí forí gbọgbẹ́.

Yàrá kékeré kan ní òkè ọ́fíìsì ọgbà náà ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́. Èèyàn mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì, obìnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó wọ yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ wá, ó ti lọ̀ ọ́ gan-an. Mo sọ ọ́ láìwo ẹ̀yìn. Mo ní ó tẹ irin náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ní àbúrò mi ló fẹ ikùn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ẹnjiníà, gbé bírò dúró, ó bi mí pé níbo ló ti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín mi.

"Gbogbo wọn ló ń ṣe é," ni mo wí.

Ó ní èmi náà ńkọ́. Mo ní àgbàlagbà bíi tèmi? Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo jáde, obìnrin náà sáré tẹ̀ lé mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń sunkún, ó ní Ọlọ́run á bá òun san án fún mi. Mo ní àmín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní àmín.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi ìwé ìgbẹ́jọ́ náà, tí ọ̀rọ̀ mi wà nínú ẹ̀, ránṣẹ́ sí ọsibítù, ìyàwó àbúrò mi ló kà á sí i létí. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ ọkọ ẹ̀. Ó kí mi, kò wojú mi, ó gbé bàsíà lọ pààrọ̀ omi. Ó ku èmi àti àbúrò mi.

Mo ti múra sílẹ̀ pé á bú mi. Kò bú mi. Ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ le.

"Mo mọ̀ pé bí mo bá ní mo fẹ ikùn, wọ́n á bi mí pé ta ló kọ́ mi," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí orúkọ yín ti ẹnu mi jáde, Àǹtí. Ni mo ṣe dì í lé obìnrin yẹn lórí. Kò dáa, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ tọ́ mi dàgbà."

Ojú gbà mí tì débi pé mo ń wo bàtà mi. Ó fi mí pamọ́, èmi sì tú u síta, mo wá fi ara mi pamọ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Ìyàwó wọlé padà, ó gbé bàsíà kalẹ̀. Mo dìde.

"Ìyàwó, èmi ni mo kọ́ ọkọ ẹ ní ikùn fífẹ̀ yẹn," mo wí. "Èmi náà ni mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kó ṣe é. Mi ò sọ fún wọn. Màá padà lọ sọ ọ́ lọ́la."

Àbúrò mi pa ojú dé. Ìyàwó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fún un títí omi ò fi kán mọ́. Ó ní ọdún méjìlélógún lòun ti ń bi ọkọ òun pé ta ló kọ́ ọ níwà burúkú yẹn, pé gbogbo ìgbà ló máa ń ní òun lòun dá a rò. Mo rò pé á ní kí n jáde.

Ó na aṣọ náà sí mi. Ó ní kí n nu ẹsẹ̀ kejì, pé ọwọ́ òun ti ń ro òun.

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ẹsẹ̀ àbúrò mi lé itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún láti orúnkún wálẹ̀. Ó lajú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mọ̀ pé mo ń fọwọ́ kàn án; ojú mi ló ń wò, kó lè mọ ibi tí ọwọ́ mi dé.