Ìlà Kẹrin Lára Pátákó Ojú Irin

Ogún lẹ́tà ló wà lápò épírónì mi nígbà tí bàbá mi wọ ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo yọ wọ́n kúrò lára pátákó, èmi náà ni mo sì lẹ òdòdó onígi mẹ́ta síbi tí wọ́n wà, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ìlà kẹrin ni. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ síbẹ̀ ni pé: Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló sùn lọ.

Bàbá mi ni ẹni tó ń ṣọ́ géètì.

Ó ti pé ogójì ọdún tí ọkọ̀ ojú irin gbá bọ́ọ̀sì níbi géètì tó máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú irin, nísàlẹ̀ àdúgbò wa, tí èèyàn mọ́kànlá kú. Ìgbìmọ̀ ìlú wá fẹ́ ri pátákó ìrántí mọ́ etí títì níbẹ̀, irú èyí tí ará ọ̀nà máa ń dúró kà. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, torí èmi nìkan ló ń da idẹ ládùúgbò. Ìwé tí wọ́n fún mi ò dárúkọ òkú kan ṣoṣo. Akọ̀wé wọn ní fáìlì ti sọnù. Ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ẹni tó sùn, àbí? Díẹ̀ ló kù kí n sọ ìwé náà síná. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ìwé ni mo fi bá ọmọ ọlọ́mọ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, eyín iwájú mi kan sì bá a lọ. Géètì ló bàjẹ́. Bí màmá mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn títí tó fi kú. Ṣé kí bàbá mi wá máa tẹ̀pá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó yẹn láràárọ̀, kí wọ́n máa nàka sí i?

Wàhálà ibẹ̀ ni pé a kì í da idẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi láìjẹ́ pé bàbá ti kà á. Látìgbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, òun ló ń fi ìka ka àwọn lẹ́tà onígi kí a tó tẹ pátákó mọ́ iyanrìn, torí idẹ tó bá ti dà síbẹ̀, kò sí àtúnṣe mọ́. Bó bá tọ́, á ní, "Ó péye." Bí kò bá tọ́, á kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fẹ́ sáré dà á kó tó dé. Idẹ ti ń yọ́ lórí iná, bó bá sì pẹ́ jù, á bàjẹ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní òun á wá gbé e ní aago márùn-ún.

"Kí ló ń lé ẹ?" bàbá béèrè. "Idẹ ti wà lórí iná, mi ò sì tíì ka nǹkan kan."

"Ẹ fi tòní sílẹ̀, Bàbá. Mo ti kà á fúnra mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni."

Ó fa àpótí, ó jókòó. Ìka rẹ̀ gba ìlà kìíní kọjá, ó gba ìkejì, ó gba ìkẹta. Ìka náà dúró.

"Òdòdó? Ta ló ní kí wọ́n gbin òdòdó sójú irin?"

"Ẹ̀ṣọ́ ni, Bàbá."

Ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ta gìrì, àwọn lẹ́tà sì dún wóróworo lápò mi.

"Kó wọn jáde."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ yín! Ẹ ò sùn!"

"Mo sùn."

Mo di ẹnu àpò mi mú.

"Ìyá mi, mo sùn," ó ní. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ́ nígbà yẹn. Ara ìyá rẹ ò yá, ìwọ náà ò yéé ké. Èmi ni mo gbé ẹ jó mọ́jú, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí n kàn jókòó díẹ̀. Ariwo bọ́ọ̀sì yẹn ló jí mi. Géètì ò bàjẹ́. Ìyá rẹ ló ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ, kó o má baà rò pé ìwọ lo fà á. Ìwọ kọ́ o. Èmi ni wọ́n fún ní géètì ṣọ́."

Mo jókòó sórí iyanrìn bí ọmọdé. Ojú tì mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mi ò mọ èwo ni mo ń sunkún fún.

"Dìde, idẹ ń bàjẹ́," ó ní. "Yọ òdòdó yẹn. Mú lẹ́tà kéékèèké wá. Orúkọ wọn ni kó ṣáájú, kí tèmi gbẹ̀yìn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Awakọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì. Olùkọ́ kan tó máa ń juwọ́ sí i láràárọ̀. Orúkọ mọ́kànlá pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, kò sì ronú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá ń pe nǹkan lójoojúmọ́ kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Mo ń tò wọ́n bó ṣe ń pè wọ́n. Lẹ́yìn wọn ni mo kó ogún lẹ́tà jáde lápò, mo tò wọ́n padà. A tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn, mo sì da idẹ.

Nígbà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu iyanrìn kúrò lára pátákó náà tán ni. Obìnrin náà lanu.

"Ta ló ní kí ẹ fi orúkọ kún un? Níbo lẹ tiẹ̀ ti rí wọn? A wá wọn tì!"

Mo fi àgbọ̀n júwe bàbá mi. Ó ti gbé ìka lé idẹ tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ó kà á tán, ó tún padà kà á.

"Ó péye," ó ní.