Káàdì Ọmọ Tí N Kò Bí

Irun ni. Kì í ṣe òwú, kì í ṣe eruku — irun ni. Ó lọ́ mọ́ ìdí fáànù káàdì yìí, ó ń mì jẹ́jẹ́ bí mo ṣe ń mí sí i... Irun ta ni? Ti ológbò ni àbí ti èèyàn? Tùẹ̀! Ìka mi ti kàn án kí ojú mi tó rí i. Mò ń nù ún mọ́ aṣọ, mo tún ń nù ún, ó ń ṣe mí bíi pé ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màámá, mò ń bọ̀." Ohun tí òǹtàjà wí nìyẹn kó tó gba ẹ̀yìn lọ wá wáyà. Kí n jókòó síbo? Sórí àga tó ń lẹ̀ mọ́ni nídìí yìí? Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń kán omi sínú ike ọ̀dà, omi náà ti ní àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ lára ike. Ó sì yọ ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu kó tó lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí tábìlì níwájú mi báyìí, ojú eyín rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ wò ó. Mò ń wò ó.

Káàdì méjì ló fi sílẹ̀ fún mi lórí gíláàsì. Ńlá àlòkù, kékeré tuntun. Ohun tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì, iye kan náà ló ń tà wọ́n, owó tí mo mú wá ò sì lè gbé ju ẹyọ kan lọ. Èwo ni kí n... Ṣé mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ni? Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n látilé. Kékeré yìí ni. Kí ló wá dé tí mi ò lè là á lẹ́nu?

Ọmọ yẹn ni. Ọmọ yẹn ló dí mi lẹ́nu.

"Ṣé ọmọ yín ló fẹ́ lò ó, Màámá?" Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà yẹn, mi ò tíì mí délẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí? "Ọkùnrin ni?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Á ti wà ní yunifásítì." Mo ní ó ti ń parí lọ. Ẹ gbọ́ irọ́! Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí láyé mi, obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ni, ó ti wà nílé ọkọ. Àmọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì yìí, mo ti bí ọkùnrin, mo ti tọ́ ọ dàgbà, mo ti rán an lọ sí yunifásítì — n kò rọbí, n kò san owó ilé ìwé. Ó tiẹ̀ ga. Mo sọ pé ó ga! Ta ló bi mí léèrè gíga?

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì kúrò lójú kan, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra bó ṣe rọ̀ mí lọ́rùn tó, bó ṣe jáde lẹ́nu mi bí omi.

Torí ọmọ yẹn ni òǹtàjà ṣe lọ gbé ẹ̀gbin yìí wá. "Èyí lọmọ yín máa fẹ́, Màámá. Ẹ wò ó — fáànù mẹ́ta, iná pupa, iná búlúù. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn iná." Ó ní bíi tuntun ni. Bíi tuntun! Mo tún gbé e sún mọ́ imú. Òórùn eruku tó jóná ni, òórùn bíréèkì ọkọ̀ tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ láìfi gíà dá a dúró. Orí síkúrù rẹ̀ ti họ. Ẹnì kan ti tú u rí. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún lẹ́yìn, ọ̀dà náà ṣàn wọ inú ihò kan, ó gbẹ síbẹ̀ bí ikun imú. Mo mọ ibi tí irú èyí ti ń wá. Ilé tí wọ́n ti ń to káàdì jọ bí adìyẹ inú àgò, tí wọ́n ń lò wọ́n tọ̀sán tòru kí wọ́n máa bá wọn wá owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsinmi, láìtutù, títí nǹkan inú wọn á fi di gbígbẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n, wọ́n á kùn wọ́n. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí jó, ọ̀dà ni wọ́n bù sí i.

Kò sì ní bá kọ̀ǹpútà mi lò. Àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà mi kéré. Èmi ni mo tú u fúnra mi lórí tábìlì ìjẹun, mo ka nọ́ńbà ara rẹ̀, mo tún un kà. Ńlá yìí máa fa iná ju èyí tó lè fún un lọ, gbogbo rẹ̀ á sì kú pii láàárín kọ́nà. Mo dọ́gbọ́n bi í: ṣé iná á gbé e báyìí? "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Màámá, ọmọ yín á mọ̀." Ọmọ mi á mọ̀! Ọmọ tí kò sí, òun ló mọ̀. Èmi tí mo wà níhìn-ín, mi ò mọ̀. Ìyá ọmọ yunifásítì kì í mọ nǹkan kan nípa iná kọ̀ǹpútà.

Kékeré yìí ńkọ́... Fáànù kan. Ó rí pẹlẹbẹ, kò lẹ́wà, kò gbọ́n, kò gọ̀. Kò fẹ́ wáyà kankan. Ihò tí wọ́n bá kì í bọ̀ náà ló ti máa rí iná jẹ. "Ìyẹn? Ti àwọn tó ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì ni." Ó yínmú sí i. Ó yínmú sí ohun tí mo wá rà, mo sì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń korò lẹ́nu mi.

Mo ti jẹ́ dírẹ́bà rí — rárá. Dírẹ́bà ni mí. Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ni mò ń wà títí irun mi fi funfun. Ìyá Gíà ni wọ́n ń pè mí, torí mo lè pààrọ̀ gíà kí ẹni tó ń sùn lẹ́yìn má tiẹ̀ yíra padà. Àfìgbà tí wọ́n ní kí n bo ojú ọ̀tún níbi àyẹ̀wò ojú àwọn awakọ̀, kí n fi tòsì ka ohun tó wà lára ògiri. Ògiri wo? Kùrukùru ni mo rí. "Màámá, ẹ lọ sinmi." Sinmi. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn ju irun inú fáànù yìí lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni ń fi aṣọ bo òkú lójú ni.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní. Tèmi ku ẹyọ kan.

Mẹkáníìkì tó ń tún bọ́ọ̀sì mi ṣe ló gbé sítíárìn yẹn wá bá mi nílé. Sítíárìn, bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì — kò sí mọ́tò. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọmọbìnrin mi fi sílẹ̀ kí n máa fi wo ìròyìn, ó sì gbé géèmù ìdíje ọkọ̀ sí i. "Ìyá Gíà, ẹ kàn gbé ọwọ́ lé e." Ó kù díẹ̀ kí n lé e jáde. Ohun ìṣeré! Ṣé mo ti padà di ọmọdé ni? Mo gbé ọwọ́ lé e kó lè jẹ́ kí n gbádùn. Ó gbọ̀n. Sítíárìn náà gbọ̀n lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń gbọ̀n tí táyà bá gun etí títì... omi bọ́ lójú mi. Lójú méjèèjì, èyí tó ti kú náà.

Ohun tí mi ò sì tíì rí ẹni sọ ọ́ fún nìyí: lójú kọ̀ǹpútà, èmi àti olójú méjì, ọgba ni wá. Dókítà ní ojú méjì ni èèyàn fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Olójú kan ní láti wo bí nǹkan ṣe ń rìn — ohun tó wà nítòsí á yára kọjá, ohun tó jìnnà á máa falẹ̀ — ibẹ̀ ló ti máa mọ̀. Títì gidi á fìyà jẹ mí. Àmọ́ ojú kọ̀ǹpútà rí pẹrẹsẹ fún gbogbo wa. Kò sí ohun tí ojú kejì fẹ́ rí níbẹ̀. Gbogbo àwọn tí mò ń bá sáré ló ń wo bí nǹkan ṣe ń rìn, bíi tèmi. Mo sì ti pẹ́ nídìí rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Àfi òsúkè yẹn. Kọ̀ǹpútà ò ní káàdì kankan, òun nìkan ló ń ya àwòrán fúnra rẹ̀, agbára rẹ̀ ò ká a. Tí mo bá ti dé kọ́nà, á ṣe òsúkè: hìk. Àwòrán á dúró, á tún fò. Láàárín ìdúró àti fífò yẹn, mo fọ́jú. Ojú kejì náà kú. Nígbà tó bá máa padà, mo ti wà lára ògiri. Mo ti pa ewé igi inú géèmù náà, mo ti pa àwọn òǹwòran, mo ti pa òjò, mo ti jẹ́ kí koríko dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ — ó ṣì ń ṣe òsúkè. Kí ni mo fẹ́ fi iná pupa ṣe? Ẹwà kọ́ ni mò ń wá. Kí títì ṣáà máa ṣàn ni. Kékeré yìí máa ṣe é, tí mo bá fi koríko sílẹ̀ bó ṣe wà. Mẹkáníìkì náà sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbé káàdì tiẹ̀, irú kékeré yìí gan-an, sí kọ̀ǹpútà mi, mo lò ó wò kó tó mú un padà. Ó ṣàn. Ó ṣàn bí òróró.

Ó yẹ kí n sọ fún òǹtàjà. Tó bá dé, kí n sọ pé: ọ̀gá, ojú kan ṣoṣo ni ẹni tó fẹ́ lò ó ní, kó má ṣe òsúkè ló jà jù. Ó máa yé e. Kì í ṣe òmùgọ̀, ọ̀bùn lásán ni. Àmọ́ ọmọ mi ni mo ní ó fẹ́ lò ó. Ṣé kí n wá fọ́ ọmọ náà lójú ni? Kí n ní olójú kan ni—

Olúwa má jẹ̀ẹ́!

...Ẹ wò mí. Mo ká ọwọ́ lé orí, mò ń bẹ Olúwa fún ọmọ tí kò sí, kójú rẹ̀ má fọ́. Ọmọ ọ̀hún gbọ́dọ̀ ga, kó lójú méjì, kó wà ní yunifásítì, kó sì fẹ́ràn iná pupa. Kò gbọdọ̀ ní àbùkù. Kò gbọdọ̀ jọ mí níbì kankan.

"Màámi, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin àti géèmù? Kí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi má gbọ́." Ọmọbìnrin mi nìyẹn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń bọ́ mi, ó ń wọ̀ mí láṣọ. Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Kò bi mí léèrè èwo ni mò ń ṣe nínú méjèèjì. Mo bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo ní ojú mi ń tì í ni. Mo tún wá dé ọ̀dọ̀ àjèjì tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, tí kò mọ̀ mí rí, tí kò sọ pé kí n sinmi — òun kàn bi mí léèrè lásán ni — èmi ni mo sáré ti ara mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo gbé káàdì ńlá yìí dání. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, mò ń rí ojú mi nínú ọ̀dà náà. Mo ti ń bú ẹni tó kùn ún láti àárọ̀: oníjìbìtì, aláìnítìjú, ó mú nǹkan gbígbó, ó fi ọ̀dà ọ̀dọ́ bò ó, ó gbé e sọ́jà. Èmi ńkọ́? Kí ni mo mú ọmọkùnrin yẹn ṣe? Òun ni ọ̀dà tèmi. Ẹni tí mò ń rí nínú dúdú yìí ni mo kùn.

Ìríra yẹn, kì í ṣe irun ló fà á. Kì í ṣe ṣingọ́ọ̀mù. Ṣíọ̀, ara mi ló ń rí mi lára, látìgbà tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ni àkọ́kọ́.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Òun ni. Ó gbé wáyà ẹlẹ́nu méjì tí káàdì ńlá fi ń gba iná dání, ó ti ṣí ṣingọ́ọ̀mù kúrò lára tábìlì, ó ti jù ú sẹ́nu padà — tùẹ̀! — ó ń jẹ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ṣé ó tún ń bi mí ni? Ó ń bi mí: ọmọ ọdún mélòó tiẹ̀ ni ọmọ náà, kó lè mọ irú géèmù tó máa fún un ní ẹ̀bùn.

Mò ń gbé ńlá padà sórí gíláàsì. Mò ń fa kékeré sọ́dọ̀ ara mi. Òǹtàjà ń wò mí lójú, ojú òsì ló sì ń wò, kò mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan nílé níbẹ̀. Mo yí orí díẹ̀, kó lè rí ọ̀tún.

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, mo ní. Dírẹ́bà ni.