Kásẹ́ẹ̀tì Tí Rísíkàt Fi Sílẹ̀

Kásẹ́ẹ̀tì ò sí nínú agolo bisikíìtì. Latifah da agolo ọ̀hún dé sórí ẹní. Ìwé ìbí Rahmah jáde, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó lò nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ jáde, tẹ̀súbáà kan tó ti já náà jáde. Latifah gbọn agolo, kò sí ohun mìíràn. Ó tún ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ ti rí i pé ó ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà fún yín, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni. Rísíkàt ni ìyá tó bí Rahmah. Lọ́dún 1999, àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀ nílé wọn ní Mpape, Rahmah ò tíì pé ọmọ ọdún kan. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ rí i pé òun ò ní í dìde mọ́, ó ní kí Saeed ọkọ òun gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá. Kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ni Saeed ń gbà sílẹ̀, tó ń tà ní ọjà Mpape, ẹ̀rọ ò wọ́n wọn nílé. Rísíkàt lé gbogbo wọn jáde, ó sì fi ojú méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó ṣẹ́ eyín kékeré méjèèjì tó wà létí kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Ó ní ọjọ́ tí Rahmah bá pé ọdún méje, tó tó ọmọ tí wọ́n ń pàṣẹ ìrun fún, ọjọ́ náà ni kí wọ́n fi í fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n sin ín. Latifah ni Saeed fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun sì ni Rahmah ń pè ní Mọ́mì.

Ọjọ́ ọ̀hún ló pé yìí, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2005. Rahmah ti sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ iléékéwú pé mama òun á bá òun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó wọ híjáàbù tuntun, ó jókòó síwájú rédíò. Alhaja Mùfúlíátù, ìyá tó bí Rísíkàt, ti wọkọ̀ láti Ìlọrin wá. Màmá Ìlọrin ni gbogbo ilé ń pè é. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń retí ohùn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ tí kò jáde, ìrántí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde.

"Nínú gèlè Rísíkàt aláwọ̀ ewé ni mo wé e sí," Màmá Ìlọrin wí. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wọlé yìí gan-an ni mo fi lé ọ lọ́wọ́, Ìyá Abdulqudus. Ọwọ́ ọ̀tún mi báyìí ni mo fi gbé e fún ọ."

"Màmá, ẹ ò gbé gèlè kankan fún mi," Latifah dáhùn. Abdulqudus ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù márùn-ún, ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. "Nínú agolo yìí ni mo bá a. Funfun ni. Orúkọ Rahmah ló wà lára rẹ̀, báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Kí n tó lóyún ni mo rí i kẹ́yìn."

"Èmi rò pé dúdú ni," Saeed wí. Ilẹ̀ ló ń wò. "Mo rántí pé a kó o sí orí wọ́díròòbù nígbà tí òrùlé ń jò."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ dalẹ́ ni kò mọ àwọ̀ èyí tó wà nílé rẹ̀.

Àfi bí Rahmah ṣe lanu. Omijé ti dé ojú ọmọ náà. "Mo rí Mọ́mì," ó wí. "Mo rí Mọ́mì tí wọ́n ń fa inú kásẹ́ẹ̀tì jáde."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Latifah gbin àgbàdo díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹyẹ ò sì jẹ́ kó sinmi. Saeed kó kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ti bàjẹ́ wá fún un láti ìsọ̀, Latifah fa okùn inú wọn jáde, ó so ó mọ́ igi yí oko náà ká, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ, á máa dún, á máa dán, ẹyẹ á sì sá. Gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yẹn. Màmá Ìlọrin dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, wọ́n tẹ̀lé e. Okùn náà ń dán nínú oòrùn, ó ń dún wììì. Ìyá arúgbó náà fọwọ́ kàn án.

"Ohùn ọmọ mi rèé," ó wí. "Ohùn ọmọ mi ni ẹ fi ń lé ẹyẹ."

"Áàà! Màmá! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!" Latifah kígbe, Abdulqudus sì ta jí. "Bàbá Rahmah, ṣebí ẹ̀yin lẹ kó wọn wá fún mi. Ẹ sọ fún wọn."

Saeed wú ikọ́. "Mo kó kásẹ́ẹ̀tì wá lóòótọ́," ó wí. "Mi ò ka iye tó jẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni ìrántí Rahmah ti ń dàgbà. Ní ọjọ́ Ajé, funfun ni kásẹ́ẹ̀tì tí Mọ́mì ń fà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, báírò pupa wà lára rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́rú, Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fà á. Ọmọ náà ò purọ́ o. Ìyá àgbà ń bi í léèrè, ọmọ sì ń rí ohun tí wọ́n bi í. Latifah ní òun á búra pẹ̀lú Kùránì. Màmá Ìlọrin ní, "Ta ló jalè rí tí kò lè búra? Ìgbà tí o ò tíì bí tìẹ, ojú rere lo fi wò ó. O wá bímọ tán, ìyá ọmọ ọlọ́mọ di ohun tí à ń so mọ́ igi." Ó ní bí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ bá ti mọ́, òun àti Rahmah, ó di Ìlọrin, kò sì ní í padà wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ Latifah lára jù. Ọmọ ọdún méjì ni Rahmah nígbà tó dé ilé yìí. Òun ló kọ́ ọ ní Fátíhà. Nígbà tí ibà fẹ́ẹ́ pa á, òun ló pọ̀n ọ́n rìn láti òkè Mpape títí dé ilé ìwòsàn ní Maitama, nítorí pé ọkọ̀ ò sí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí ọmọ náà. Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè gbà á sílẹ̀, kò sì mọ ibi tó wà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó gbé oúnjẹ lọ fún Saeed ní ìsọ̀. Bó ṣe ń gbé abọ́ sílẹ̀ ni Yàkúbù dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, típà ló fi ń kó òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Eruku òkúta bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá Rahmah, sànnu o," ó wí. "Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ tà fún mi nínú ààwẹ̀ èṣí rèé. Bí wáàsí bá ti parí ni mo máa ń yọ ọ́. Àná ni mo gbàgbé. Kai! Obìnrin kan kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni. Díẹ̀ ló kù kí n wa típà wọ gọ́tà. Ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀, n ò lè máa gbé iwin kiri."

Ó rẹ́rìn-ín. Kí Saeed tó na ọwọ́, Latifah ti gbà á, ó ti fi sínú ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́ àláfáà tó ń ṣàdúà ìparí. Wọ́n gbọ́ ariwo ṣíì fún ìgbà díẹ̀. Ohùn obìnrin kan dé lẹ́yìn náà, ohùn náà ti rẹ̀ gan-an.

"...kí wọ́n má jẹ́ kí òtútù máa mú ẹ. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ nìyẹn. Rahmah, bàbá ẹ kì í purọ́. Ohunkóhun tó bá sọ fún ẹ, gbà á gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Bàbá Rahmah, ẹ wá bá mi pa ẹ̀rọ yìí."

Ó tán. Yàkúbù wo ojú àwọn méjèèjì, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹ̀rín, ó ní òun á padà wá.

Latifah yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde. Funfun ni. Wọ́n ti lẹ bébà mìíràn mọ́ ibi tí báírò pupa wà. Ihò méjèèjì tí Rísíkàt ti ṣẹ́ eyín, bébà tí wọ́n ká ni wọ́n fi dí i. Bí Saeed ṣe máa ń dí kásẹ́ẹ̀tì àlòkù nìyẹn, tó bá fẹ́ gba wáàsí sórí rẹ̀.

"Ààwẹ̀ èṣí ni," Saeed wí. "Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tán lọ́jà, àwọn oníbàárà ń bínú. Mo ní n lọ kó àwọn tó wà nílé. Ogójì ni mo dí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mi ò wo ojú ìkankan."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Saeed bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku orí ẹ̀rọ.

"Bàbá Rahmah, mo ní ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Láti ìgbà tí agolo ti ṣófo ni ọkàn mi ti ń sọ ọ́ fún mi."

Ọjọ́ márùn-ún! Ọjọ́ márùn-ún ló fi jókòó tí wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ lólè, ó ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, ó ń lá ẹnu. Latifah fẹ́ kígbe kí gbogbo ọjà gbọ́. Saeed di apá rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́," ó bẹ̀ ẹ́. "Bí ìwọ bá sọ ọ́, mo di ẹni tí ìyàwó ń tú láṣìírí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ọkùnrin. Mo fi Ọlọ́run búra."

Latifah gbà fún un. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọkọ rẹ̀ ni, omi sì wà lójú ọkọ náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ó lè lé e bá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé wọ́n á fún un ní ìjókòó tó bá dé?

Nígbà tí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò nílé, Rahmah ò mira. Màmá Ìlọrin gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó bú sẹ́kún. "Rísíkàt mi nìyẹn! Rísíkàt mi!" Rahmah ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọmọ náà ń fi ẹnu bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Màmá Ìlọrin nu ojú rẹ̀. "Níbo lẹ ti rí i? Ìyókù ọ̀rọ̀ ọmọ mi ńkọ́?"

Latifah yíjú sí Saeed. Ó dúró dè é.

"Ìsọ̀ ni mo ti rí i, Màmá," Saeed wí. "Wọ́n kó o mọ́ àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan láti ilé. Wáàsí ti wọ orí rẹ̀."

"Ta ló kó o mọ́ wọn?"

Saeed wo ìyá ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Màmá," ó wí, "èmi kọ́ ni mò ń palẹ̀ ilé mọ́."

Áà. Láti ọjọ́ tí Latifah ti fẹ́ ẹ, kò pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ rí. "Ìwọ Saeed!" ó pariwo. "Ìwọ lo pa ohùn obìnrin yìí rẹ́! O jẹ́wọ́ fún mi lọ́sàn-án yìí! Màmá, ẹ wo bébà tó fi dí i, ẹ wò ó, ta ló mọ̀ ọ́n dí nílé yìí bí kò ṣe òun?" Ó na kásẹ́ẹ̀tì sí ìyá àgbà. Màmá Ìlọrin gbà á, ó fi mọ́ àyà, kò wo ihò kankan lára rẹ̀.

Rahmah ló dìde. Ó lọ dúró síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ pa ohùn mama mi rẹ́?"

Ọmọ náà gbé ojú sókè sí bàbá rẹ̀, ó ń dúró.

"Rárá," Saeed wí.

Rahmah mi orí pé òun gbà. "Mama mi ní ẹ kì í purọ́," ó wí.

Ó wọ yàrá, ó sì gbé báàgì tí ìyá àgbà ti dì fún un jáde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Latifah, ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, bí Latifah ṣe kọ́ ọ pé kí ó máa kí àlejò.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Abdulqudus," ó wí.