Màmá Bọ́ Sínú Ìṣirò

Iṣẹ́ tí ọ̀gá gbé fún akọ̀wé ilé ìwòsàn kò le lẹ́nu: kó tú fáìlì wò, kó ka iye ènìyàn tó ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, irú èyí tó ń mú ni gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Iye tó bá kà ni wọn yóò fi pín oògùn ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú ìṣirò, oògùn tirẹ̀ kò ní sí nínú páálí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kíka ènìyàn rọrùn. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ní káàdì mẹ́ta, torí gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ̀kan nù ló ń gba òmíràn. Ká ní akọ̀wé kò fura ni, bàbá kan ṣoṣo ì bá di mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ti sú ìyàwó rẹ̀. Akọ̀wé ń yọ, ó ń tò, orí ń fọ́ ọ, títí ó fi ṣí fáìlì kan tó sì bá orúkọ ìyá tó bí i níbẹ̀.

Ó nu awò ojú rẹ̀. Orúkọ náà kò kúrò. Ọjọ́ ìbí, ti màmá. Àdírẹ́sì, ti ilé tí òun náà ti jí wá síṣẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí màmá ti ń gba oògùn lóṣooṣù, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Wọ́n ní ohùn náà máa ń kọrin, àmọ́ kò mọ orin kọ."

"Màmá wo?" akọ̀wé bi kọ̀ǹpútà. Ṣé màmá tí èèyàn ń pè láti pálọ̀ tí kì í gbọ́ ní yàrá?

Nígbà tó délé, màmá ń ká aṣọ. Àbúrò màmá, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Oníredíò torí pé rédíò ló ń tún ṣe, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tú ọ̀kan palẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn tó ń kọrin?"

Ọwọ́ màmá dúró lórí aṣọ. Oníredíò ló dáhùn láìgbójú sókè.

"Ohùn tèmi nìyẹn. Òótọ́ ni, kò mọ orin kọ."

Ni ọ̀rọ̀ bá tú. Nígbà tí Oníredíò kọ́kọ́ wá gbé lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé dókítà tí orúkọ orí rẹ̀ ti pa rẹ́, màmá ló mú ìwé náà lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì béèrè pé ta ló ni ín. Màmá bojú wẹ̀yìn, ó rí aránṣọ òdìkejì ilé wọn lórí ìlà, àyà rẹ̀ já, ó ní, "Èmi ni." Láti ìgbà náà, á bi àbúrò rẹ̀ ní ohun tí ohùn wí lóṣù yẹn, á há a sórí, á lọ rò ó fún nọ́ọ̀sì bí ẹni tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" màmá ní. "Àbí o ò mọ ohun tí aráyé ń wí ni? Wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Tí wọ́n bá fẹ́ wòran, kí wọ́n wo èmi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wo àbúrò mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún gba ìyẹn náà mọ́ mi lọ́wọ́," Oníredíò ní. "Nínú ìwé wọn, èmi lara mi dá, ẹ̀yin lorí yín dàrú?" Ẹ̀rín gbé e débi pé irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá sọ aṣọ lù ú, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí bí Oníredíò ṣe rí kí oògùn tó ràn án lọ́wọ́: ọwọ́ méjèèjì létí, kò sùn, ó ń bẹ ẹni tí kò sí nínú yàrá pé kó jọ̀ọ́ kó dákẹ́. Ẹ̀rù bà á gidi.

"Bí mo bá yọ orúkọ màmá, oògùn Bọ̀ọ̀dá Oníredíò tán nìyẹn. Bí mo bá fi í sílẹ̀, irọ́ ni mo kọ."

"Bí mo bá lọ fúnra mi ńkọ́?" Oníredíò béèrè.

"Wọ́n á rí ẹ," màmá ní.

"Ṣebí wọ́n ń rí mi lójoojúmọ́. Rédíò ta ni mò ń tún ṣe?"

Lọ́jọ́ ìtọ́jú, màmá tẹ̀ lé e, ó fa ìborùn bojú bí ẹni tó jalè. Akọ̀wé ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, "Ta ló kàn?" Kíá, màmá ti dìde, ẹnu rẹ̀ ti là láti ròyìn ohùn. Oníredíò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni."

Ó sọ ọ́ ketekete. Aránṣọ òdìkejì ilé, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, yíjú sí wọn. Màmá di ojú.

"Oníredíò," aránṣọ ní, "rédíò mi ńkọ́? Ó mà ti pẹ́ o!"

Màmá la ojú díẹ̀díẹ̀. Káàdì tó wà lọ́wọ́ aránṣọ, àwọ̀ kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé, tó ti ka aránṣọ mọ́ wọn tipẹ́, gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Màmá ṣí ìborùn kúrò lójú, ó sún mọ́ aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu," ó ní. "Rédíò inú ilé wa gan-an kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá."