Ẹgbẹ̀ta Iṣu àti Ìrìn Bàbá Àwáwù

"Ọkọ̀ tí a háyà ti takú sí Àgọ́-Àrẹ."

Adétúnjí ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó tó sọ ọ́. Ó mọ Ojúọlápé, olórí ẹgbẹ́ eléré wọn; irú ìròyìn báyìí, ó yẹ kí ẹsẹ̀ èèyàn wà nílẹ̀ dáadáa.

Ojúọlápé ò tilẹ̀ pariwo. Ó wo òkìtì iṣu tó wà níwájú ilé eré, ẹgbẹ̀ta géérégé. Oṣù méjì ló fi tọrọ wọn láti ojúlé dé ojúlé ní Ogbooro. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò pọ́n-ùn lọ́dún náà. Owó ò tíì yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n iṣu yé gbogbo ayé. Ẹni tó lè ní òun ò lówó fún eléré, ẹnu wo ni yóò fi ní òun ò níṣu? Bí ó bá dán an wò, Ojúọlápé á yọjú wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, á ní, "Àwọn wo wá ló sùn síbẹ̀ yẹn? Àlejò ni?"

Ìjì ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣí òrùlé ilé eré lọ. Ògiri amọ̀ ló kù, ní ìhòhò, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Lọ́la ni àwọn oníṣòwò Ìbàdàn yóò ra iṣu ní Ṣakí, kí ẹgbẹ́ fi owó rẹ̀ ra páànù. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ṣáájú páànù dé, ẹrẹ̀ ni ilé eré yóò dà.

"Lọ́rì kan ṣoṣo ló kù nílùú," ni Adétúnjí wí, ó ń wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Ti Bàbá Àwáwù."

"Mo ní mo mọ̀!"

Ta ni ò mọ̀? Nígbà Iléyá tó kọjá, Ojúọlápé ṣe baba onílọ́rì kan lórí ìtàgé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn wọ agbádá, ó di ọ̀pá mú, ó wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn èèyàn sì ń já bọ́ lórí bẹ́ńṣì. Obì ni ẹgbẹ́ máa ń fi pe àwọn àgbà wá wòran, ṣùgbọ́n wọn ò fi ránṣẹ́ sí Bàbá Àwáwù, kó má baà wá rí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ń gba iṣu, ìtìjú ò jẹ́ kí Ojúọlápé yà sílé náà.

Wọ́n bá baba náà lórí ẹní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojúọlápé kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá Àwáwù. Lọ́rì ni mo wá tọrọ, sà."

"Ẹ gbaṣu nílé Ìyápọ̀ tó kọjú sí mi. Ẹ gbà á nílé Mákindé lẹ́yìnkùlé mi. Ṣé tèmi korò ni?"

Ojúọlápé fi orúnkún wọ́ sún mọ́ etí ẹní.

"Mo fẹ́ rí i," ni baba wí.

"Kí ni, sà?"

"Èmi. Wọ́n ní o máa ń rìn bí èmi. Àwáwù ọmọ mi rẹ́rìn-ín dé ilé, mo bi í, ó dákẹ́. Dìde, kí o rìn."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ foríjì mí…"

"Lọ́rì wà níta. Rìn."

Ojúọlápé mú ọ̀pá baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó rìn bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Irọ́ ni," ni baba wí. "Ẹni tí ẹ̀gún gún nìyẹn. Èyí ló wá ń já èèyàn bọ́ lórí bẹ́ńṣì?"

Ìyẹn dun Ojúọlápé ju èébú lọ. Ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yọ ikùn síwájú, ó wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún gba àárín àgbàlá kọjá, ó sì yíjú bìrí: "Ta ló fọwọ́ kan lọ́rì mi?"

Ẹ̀rín bú láti inú yàrá ìyàwó baba. Adétúnjí fi fìlà bo ẹnu. Baba ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní fọ́tò ara rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì ni," ni baba wí.

"Sà?"

"Òsì ni mo ń wọ́. Jáàkì yọ lábẹ́ ọkọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ọkọ̀ sì jókòó lé ẹsẹ̀ náà." Ó gba ọ̀pá rẹ̀ padà. "Ìyókù, o gbìyànjú. Ràmọ́nì! Bọ́ sídìí ọkọ̀. Kí wọ́n kó ogún nínú iṣu tèmi sí i. Bí ẹ bá kan páànù tán, ẹ fi obì ránṣẹ́ sí mi. Iwájú ni n ó jókòó."

Wọ́n kó iṣu tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ti ilé baba ló kẹ́yìn. Ojúọlápé gun orí ẹrù bí Ràmọ́nì ti ń wa ọkọ̀ lọ. Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá Àwáwù ń padà wọlé díẹ̀díẹ̀. Láti kékeré ni Ojúọlápé ti mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wọ́ lórí ìtàgé lójú gbogbo Ogbooro, àwọn èèyàn ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín, kò sì sí ẹnìkan, àní Àwáwù pàápàá, tó sọ pé ẹsẹ̀ náà kọ́.

Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ òsì náà títí eruku fi bò ó.